Àpò Ẹ̀jẹ̀ Kan Tí Ọ̀gá Kíákíá Fún Ẹni Méjì

Yàrá Kọ̀ǹpútà,
Òkè Kejì, Ẹ̀yìn Yàrá Ìfọṣọ,
Ilé Ìwòsàn Wa.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí mi ò lè fi wé ẹnikẹ́ni,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà mi bá ọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dé láti ìrìn àjò tó kó ẹrù lọ, àbí ojú títì ló ṣì ń sùn? Ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń hu eyín, àti pé gbogbo ẹni tó bá gbé e ló ń dán eyín náà wò lára wọn. Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn kí o tó ka ìyókù lẹ́tà yìí, torí tí o bá kà á tán, inú lè máa bí ọ débi pé wàá gbàgbé. Ní tèmi, mo wà. Ara le. Ojú mi nìkan ló ń burú sí i. Gíláàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún mi nípọn bí ìdí ìgò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú náà rí láàárín ọjọ́ mélòó kan yìí, ì bá dára kí n má rí i.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ti fẹ́ máa sọ kiri pé ètò tí o kọ fún ilé ẹ̀jẹ̀ wa ló fẹ́ pa èèyàn. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti kàn ọ́ lára, jọ̀wọ́ gbọn ọ́n dànù. Irọ́ ni. Ọ̀gá Kíákíá, olórí yàrá kọ̀ǹpútà wa, ló pa irọ́ náà, ó pa á nínú ìpàdé, lójú gbogbo wa, kò sì ṣẹ́jú. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn: kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀.

O ṣì rántí ọkùnrin náà. Òun kan náà tó sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, torí o máa ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò kí o tó gbé e jáde. Láti ìgbà tí o ti lọ, ó ti burú ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó ti gbé àga tuntun wọ ọ́fíìsì, àga tó ń yí, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tí mo rí i tó fi gbogbo ọkàn ṣe jù lọ lọ́dún yìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni “kíákíá.” Tí o bá bi í pé kí ni nǹkan náà fẹ́ ṣe, á ní kíákíá ni yóò ṣe é. Ìwé tó kà kò kéré o. Ó ka gbogbo rẹ̀ dé ojú ewé tí wọ́n kọ àkọlé sí.

O mọ ètò ilé ẹ̀jẹ̀ yẹn jù mí lọ, àmọ́ jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Dókítà tó ni àṣẹ ilé ìwòsàn wa lọ́jọ́ ìpàdé náà. Àpò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú fíríìjì ní ìlà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ìlà náà ló ń sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́, àti bóyá ó ṣì wà nílẹ̀ tàbí wọ́n ti fi í sọ́tọ̀ fún aláìsàn kan. Ìwọ wá fi àgádágodo sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìlà láti mú àpò, àgádágodo á bọ́ sí i. Ẹni kejì tó bá fẹ́ mú àpò yẹn kan náà á dúró díẹ̀. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti tẹ “Parí,” àgádágodo á ṣí, ẹni kejì á wá rí òtítọ́: àpò ti lọ, kí ó tètè wá òmíràn. Ẹni tó bá kàn fẹ́ wo ìlà náà, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ti parí ni yóò rí, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ọmọdé tí a bá ṣàlàyé rẹ̀ fún á ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn kan ń ráhùn. Nọ́ọ̀sì kan á fọwọ́ kan àpò, á fi ojú ìwé náà sílẹ̀ láìparí, á lọ jẹun, àwọn tó kù á wá máa wo àmì ìdúró tó ń yí roboto lójú kọ̀ǹpútà wọn. Ìráhùn wọn tọ̀nà. Mo lọ bá Ọ̀gá Kíákíá, mo ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni: kí a jẹ́ kí àgádágodo tú ara rẹ̀ tí ẹni tó mú un bá ti dákẹ́ jù, kí a sì má ṣe jẹ́ kó bọ́ sí ìlà títí nọ́ọ̀sì yóò fi ṣe tán láti tẹ “Parí” lóòótọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo eṣinṣin tó bà sórí oúnjẹ. Ó ní èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó lọ, ìdádúró ló wà lẹ́jẹ̀ àwa méjèèjì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti yọ gbogbo àgádágodo kúrò. Kì í ṣe pé ó tún un ṣe. Ó yọ ọ́ ni, bí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún, tó wá gbé ilẹ̀kùn sọnù.

Ó tún wá fi ṣe fáàrí. Nínú ìpàdé oṣù tó kọjá, ó dìde, ó na àwòrán kan sí ara ògiri, ìlà pupa kan tó ń wálẹ̀ bí omi òjò, ó ní ẹ wo bí àkókò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń dúró ti di òfo. Ó ní kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún pín búrẹ́dì olóyìn. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, pé ẹni méjì lè mú àpò kan ṣoṣo báyìí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìgbà mélòó ni ẹni méjì á fẹ́ àpò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà? Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo èèyàn lè gbà lára, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n yẹn, ku àpò kan péré nínú fíríìjì. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní yàrá ìrọbí, ọmọ ké, gbogbo èèyàn yọ̀, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára ìyá rẹ̀ tí kò dá. Lákòókò kan náà, wọ́n gbé bíríkìlà kan wọlé. Orí pákó tí wọ́n ń dúró lé mọ ilé ló ti já bọ́, irin sì ti ya itan rẹ̀. Agbẹ̀bí ṣí kọ̀ǹpútà ní yàrá ìrọbí: àpò kan wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ṣí tirẹ̀: àpò kan wà nílẹ̀. Agbẹ̀bí tẹ “Parí,” kọ̀ǹpútà kọ nọ́ńbà ìyá ọlọ́mọ sórí ìlà, ó sì dá a lóhùn pé ó ti di tiyín. Kò tíì mí sókè tí nọ́ọ̀sì kejì fi tẹ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò wẹ̀yìn. Ó kọ nọ́ńbà bíríkìlà lé nọ́ńbà ìyá ọlọ́mọ lórí, ó pa á rẹ́ pátápátá, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé ó ti di tiyín.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé oníṣẹ́ abẹ gbára lé ìdáhùn yẹn. Ká ní ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ ni, ì bá fi aṣọ di itan ọkùnrin náà pinpin, kó fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù tiwa, kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Ó fi abẹ sí i.

Àgbà tó ń tọ́jú ilé ẹ̀jẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fíríìjì, ló wà lójú fèrèsé nígbà tí agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹ. Èmi náà wà níbẹ̀, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ni mo wá wò. Bàbá gbé àpò náà lọ́wọ́, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo àwọn obìnrin méjèèjì. Ó ní ohun tí òun rí ni pé bíríkìlà ló ni ín.

Agbẹ̀bí kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé ojú fèrèsé, ọwọ́ náà sì ní ẹ̀jẹ̀ lára. “Bàbá, ó sọ fún èmi náà pé tèmi ni. Mo ti sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Tí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, òkú rẹ̀ ni màá bá.”

Bàbá Fíríìjì gbé àpò náà kalẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọkùnrin tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí a tó bí èmi àti ìwọ, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ fa fóònù yọ, ó pe oníṣẹ́ abẹ. Mi ò gbọ́ ohun tí ìyẹn sọ. Mo kàn rí i tí ojú obìnrin náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, “Ẹ gbé e fún un. Ọ̀gá mi ní òun á di iṣan ẹ̀jẹ̀ itan ọkùnrin náà pa.” Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Agbẹ̀bí ti sáré lọ. Ìyá ọlọ́mọ yè, ọ̀rẹ́ mi. Ó yè, ó sì ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀gá Kíákíá fún ọ, kí o lè mọ irú nǹkan tó ń wọ táì wá síbi iṣẹ́ wa. O rántí bó ṣe máa ń fi irú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe fáàrí, pé àwọn tí Ọlọ́run dá pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ló ń ní i? Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni a ń wá. Bàbá Fíríìjì ní kí n sáré pè é, pé tí ó bá tètè dé, àwọn lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí àwọn fà á. Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ mi tán, ó di ọwọ́ mú àga rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sódò. Ó ní òun kò tíì jẹun. Mo ní wọ́n á fún un ní nǹkan jẹ. Ó ní òun ní ìpàdé. Mo bi í pé pẹ̀lú ta ni. Ó ní òun á pe ẹni náà láti mọ̀. Nígbà tí mo padà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan láti wá bẹ̀ ẹ́, àga náà ṣì ń yí, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Inú mọ́tò rẹ̀ ni a ti rí i, ó gbé gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sókè, ó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tó ṣe nǹkan kíákíá lóòótọ́.

Ọkọ̀ lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ilé ìwòsàn ńlá. Kó tó dé, oníṣẹ́ abẹ ti di iṣan náà pa kí ọkùnrin náà má bàa kú sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò rí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gé e lókè orúnkún. Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó ń gun pákó jẹun.

Ìyá Dókítà pe ìpàdé. Ọ̀gá Kíákíá wọlé pẹ̀lú àwòrán mìíràn. Mo fẹ́ kí o fojú inú wò ó: èèyàn pàdánù ẹsẹ̀, ọkùnrin yìí jókòó ya àwòrán. Ó ní ètò àjogúnbá ni ètò náà, pé ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tó ti fọ́. Ó dárúkọ rẹ. Ó tiẹ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn orúkọ rẹ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ ń dùn. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Dókítà ti bi í pé ta ló ní kí àwọn pàtẹ́wọ́ lóṣù tó kọjá torí pé òun ti yọ nǹkan kan kúrò. Gbogbo ilé kọjú sí i. Wọ́n ti jẹ búrẹ́dì náà, wọn ò gbàgbé. Ọ̀gá Kíákíá ní yíyọ yẹn yàtọ̀, pé ìmúdàgbàsókè ni. Ìyá Dókítà kọjú sí mi, ó ní kí n ṣàlàyé. Ìgbà yẹn ni mo sọ ti ìlà àti àgádágodo bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí.

Ọ̀gá Kíákíá kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun ti ní àtúnṣe kan tó dáa ju àgádágodo lọ. Ó ní kí a jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rí ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe lọ́wọ́, kí ó tó tẹ “Parí” rárá. Pé bẹ́ẹ̀ ni agbẹ̀bí ì bá ṣe rí nọ́ọ̀sì, tí nọ́ọ̀sì náà ì bá rí agbẹ̀bí. Mo ní, tí agbẹ̀bí bá wá fọwọ́ kan àpò, tó rí i pé kò bá aláìsàn òun mu, tó sì fagi lé e ńkọ́? Nọ́ọ̀sì á ti rí i pé àpò ti lọ, á ti gbé aláìsàn tirẹ̀ sínú ọkọ̀, àpò á sì wà nínú fíríìjì níbẹ̀. Ohun tí kò di òótọ́ rí ni wọ́n á fi dá ẹ̀mí èèyàn lẹ́jọ́.

Ìyá Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ṣé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lo fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì mi máa fi tọ́jú èèyàn?”

“Yóò yá gan-an, Mà,” ló fi dá a lóhùn. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ nínú rẹ̀.

O á rò pé wọ́n lé e. Ṣé ibi tí o ti ṣiṣẹ́ rí ni o ń rò bẹ́ẹ̀ sí? Ìgbìmọ̀ tó wà lókè Ìyá Dókítà gbé e lọ sí ọ́fíìsì kejì, wọ́n sọ ọ́ di Olùdámọ̀ràn Pàtàkì. Ó gbé àga rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ètò kankan mọ́, ìyẹn sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́. Mo ti dá àgádágodo rẹ padà sórí gbogbo ìlà, èyí tó ń tú ara rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá fi í sílẹ̀ lọ jẹun. Àwọn nọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìyá Dókítà sì ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ fún orúkọ rẹ tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́ nínú yàrá òun, kí n sì bi ọ́ bóyá o lè wá kọ́ àwọn tuntun tí a gbà. Rò ó dáadáa. Tí o bá ní o ò wá, mi ò ní bínú sí ọ.

Ó ku ohun kan tó ń dùn mí. Mo ń lọ wo bíríkìlà náà lọ́sàn-án, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá lọ gbọ́ ti àwọn ọmọ. Ọkùnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo ní rárá, èèyàn ni. Ó bi mí bóyá ẹni náà mọ̀. Mo ní ó mọ̀. Ó mi orí. Nígbà tí Ìyá Dókítà gbọ́, ó pàṣẹ pé kí Ọ̀gá Kíákíá lọ rí i fúnra rẹ̀, kí èmi sì mú un dé ibẹ̀.

Ó wá pẹ̀lú páálí omi ọsàn kan. Ó wá ibi tí yóò gbé e sí, ó sì gbé e sórí ibùsùn, síbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ aṣọ ìbora, níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Kò rí ohun tó ṣe. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bí ilé ìwòsàn ṣe kẹ́dùn, nípa bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe díjú tó, pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe.

Bíríkìlà náà wò ó. Ó wá bi í pé, “Kí lorúkọ ẹ̀rọ náà?”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ó dáhùn. Ó dárúkọ ẹ̀rọ náà fún un, ó sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọdún tí a rà á, ó sì tún ṣàlàyé pé èyí tuntun ti jáde. Bíríkìlà yí ojú sí ògiri. Mo gbé páálí náà kúrò lórí ibùsùn.

Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá Kíákíá tún táì rẹ̀ ṣe, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀. “Ọkùnrin yẹn lóye gan-an,” ló sọ fún mi. “Ó tiẹ̀ béèrè ìbéèrè.”

Bá mi kí ọkọ rẹ tí ó bá dé. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ wa lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o sì ṣọ́ra fún eyín rẹ̀. Bàbá Fíríìjì ní kí n kí ọ. Agbẹ̀bí náà ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò mọra. Kọ̀wé sí mi, kódà kó jẹ́ ìlà méjì péré.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ lójú ire àti lójú ìbínú,

Onígíláàsì.